Ọ̀fun Kejì Ọlátúnjí

Ní gbogbo Ẹdẹ, láti Ọ̀wọ́dé títí dé Òkè Gàdà, ẹni tí kò bá mọ ohùn Ọlátúnjí olóògùn eku, adití ni. Bí kì í bá ṣe adití, àlejò tó dé láàárọ̀ ni, yóò sì mọ̀ ọ́n kó tó di ọ̀sán. Ohùn náà kì í ṣe èyí tí èèyàn ń gbọ́. Èyí tí ń kọlu èèyàn ni. Bí ó bá ké "Ẹ̀yin ìyá mi" ní ọjà Tìmì, àwọn tó ń fọṣọ létí odò Ọ̀ṣun á gbé orí sókè, wọ́n á ní "Hòo." Adìẹ tó ń sàba á fi ẹyin sílẹ̀. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì á máa gbọ̀n fúnra rẹ̀. Wọ́n ní ó ké lọ́jọ́ kan tí ọkọ̀ ojú irin ń bọ̀ láti Òṣogbo, awakọ̀ sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ohùn náà lè ráyè kọjá, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ ojú irin ò ní ibi tí ń yà sí. Ìdí rèé tí wọ́n fi ń pè é ní Fèrè Rélùwéè.

Oògùn eku ló ń tà, pẹ̀lú oògùn jẹ̀díjẹ̀dí. Ọ̀rá ni ti eku, ìgò ni ti jẹ̀díjẹ̀dí, kò sì sí ẹni tó ṣì wọ́n lò rí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe oògùn gan-an làwọn èèyàn ń rà. Ohùn ni wọ́n ń rà. Obìnrin tí kò ní eku nílé á ra oògùn eku, á ní bóyá eku á wá lọ́jọ́ iwájú.

Ìgbà tó yá, kókó kan yọ sí i ní ọ̀nà ọ̀fun. Kókó náà ò ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ, òun ló sì fẹ́ gbé ohùn tó tóbi ju ilé ìjọ lọ mì. Dókítà ní kó yan ọ̀kan, ẹ̀mí tàbí ohùn. Ọlátúnjí béèrè bóyá wọn ò lè bá òun ṣe é ní ìlàjì ìlàjì. Wọ́n ní kò ṣeé ṣe. Ó ti fẹ́ yan ohùn kí Morónkẹ́ ìyàwó rẹ̀ tó fa apá rẹ̀ títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ. Ó yan ẹ̀mí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gé kókó náà, ohun tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ ò ju afẹ́fẹ́ tí ń jò lára táyà lọ: fíì, fíì. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ gbọ́dọ̀ gbé etí sí i lẹ́nu bí ẹni tí wọ́n fẹ́ sọ àṣírí ìlú fún.

Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gé e, ó ti kọ́kọ́ gbọ́n ọgbọ́n kan. Ó gbé ẹ̀rọ orin kékeré kan lọ sí ṣọ́ọ̀bù Fawziyah, ọmọbìnrin tó ń tún fóònù ṣe nítòsí ẹnu ọ̀nà Pólì. Ẹ̀rọ náà ò tóbi ju búrẹ́dì kékeré lọ. Kì í pe èèyàn, èèyàn kì í pè é, orin nìkan ló mọ̀. Àbúrò Morónkẹ́ tó wà lókè òkun ló fi ránṣẹ́ nígbà kan. Fawziyah ti ilẹ̀kùn, ó fi aṣọ dí fèrèsé, ó ní kí Ọlátúnjí máa sọ̀rọ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Ọkùnrin náà sọ gbogbo ohun tó ń sọ lọ́jà, ó rín gbogbo ẹ̀rín tó ń rín, ó dá gbogbo àpárá tó ń dá, ó sì ké igbe kan báyìí tí àwọn aládùúgbò fi ya wọlé pẹ̀lú igi àti òkò, wọ́n rò pé wọ́n ń pa Fawziyah. Wọn ò yọ ariwo àwọn èèyàn náà kúrò nínú rẹ̀. Ọlátúnjí ní ó dùn, ó dà bí èrò ọjà.

Nígbà tí Fawziyah ti dà á sínú ẹ̀rọ orin náà tán, Ọlátúnjí na ìka sí kọ̀ǹpútà. "Èyí tó wà ńbẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀, Bàbá. Bí nǹkan bá ṣe èyí tó wà lọ́wọ́ yín, ṣé ẹ rí i..."

"Pa á rẹ́."

"Bàbá, kò gba àyè o."

"Mo ní kí o pa á rẹ́. Kí n rí i."

Ohun méjì ló ń bà á lẹ́rù. Àkọ́kọ́ ni Roqeeb, tó ń ta irú oògùn kan náà, tí ojú rẹ̀ ò sì kúrò lára oníbàárà Ọlátúnjí láti ọjọ́ tí wọ́n ti jọ ń lọ sọ́jà. Roqeeb lè wá fún Fawziyah ní nǹkan, kó gba ohùn náà, kó fi ohùn Ọlátúnjí ba ọjà Ọlátúnjí jẹ́. Èkejì ni èyí tí kò lè sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Báàsì ni Ọlátúnjí nínú ẹgbẹ́ akọrin, ṣùgbọ́n oko lẹ́yìn ìlú Ara ni wọ́n ti bí ìyá rẹ̀, níbi tí ọmọdé kì í ti í dáhùn bí wọ́n bá pè é tí kò rí ẹni tó ń pè. Ìyá rẹ̀ kọ́ ọ pé ohùn èèyàn tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, bí ìgbà tí èèyàn bá fi kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ sílẹ̀ lójú títì ni. Fawziyah pa á rẹ́. Ọlátúnjí ní kó ṣí ibi tí kọ̀ǹpútà ń da ìdọ̀tí sí, kó pa ti ibẹ̀ náà rẹ́. Ó pa á. Kò gbà kí wọ́n fi í sínú mẹ́mórì káàdì pàápàá, torí káàdì ṣeé yọ, ọmọ ọwọ́ lè yọ ọ́. Ẹ̀rọ orin kékeré yìí ò ní ilẹ̀kùn, kò ní fèrèsé. Bí olè bá fẹ́ wọ inú rẹ̀, àfi kó di iná mànàmáná.

Ó sọ ẹ̀rọ náà ní Ọ̀fun Kejì. Ó so ó mọ́ ọrùn, ó fi wáyà so ó mọ́ sípíkà tó wà lẹ́yìn ọ̀kadà rẹ̀, ó sì ń lọ káàkiri bíi ti àtẹ̀yìnwá. Bí ohùn bá ti ń jáde ni òun náà ń ju ẹnu. Ó ti mọ gbogbo rẹ̀ sórí, ibi tí èémí ti ń wọlé, ibi tí ẹ̀rín ti ń bẹ́, kò ṣìnà rí. Ẹni tí kò bá sún mọ́ ọn ò lè mọ̀ pé kì í ṣe òun ló ń sọ̀rọ̀. Nígbà míràn, òun fúnra rẹ̀ kì í mọ̀.

Ọjọ́ ọjà Ara ló ṣẹlẹ̀. Èrò pọ̀ bí eéṣú. Ohùn ń lọ, ẹnu ń lọ: "Ẹ̀yin tí eku ti fi irun orí yín kọ́lé, ẹ̀yin tí eku ń bá yín pín ìrọ̀rí..." Ohùn dákẹ́. Ẹnu Ọlátúnjí ò tíì gbọ́, ó ń lọ. Ó ń jù ú lókè, ó ń jù ú nísàlẹ̀, láìsí ohun tí ń jáde, bí ẹja tí wọ́n gbé sórí àtẹ. Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ara eré ni. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ìgbà tó wo ojú ẹ̀rọ náà, ó dúdú, àwòrán wáyà kan àti ọfà kan nìkan ló wà níbẹ̀. Ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún. Àwòrán náà ò mira.

Nílé, Morónkẹ́ bọ ẹ̀rọ náà sínú ìrẹsì.

"Omi ò kàn án," Ọlátúnjí mí ọ̀rọ̀ náà sí i létí.

"Mo mọ̀ pé omi ò kàn án, Bàbá Mọ́tọ́lá. Ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe náà ni mò ń ṣe."

Ẹ̀rọ náà sùn nínú ìrẹsì mọ́jú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ṣì ń fi wáyà àti ọfà hàn wọ́n, ìrẹsì sì kún ojú ihò rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ni Morónkẹ́ fi ń yọ ọ́ títí wọ́n fi dé ṣọ́ọ̀bù Fawziyah.

Fawziyah pààrọ̀ wáyà. Ó pààrọ̀ ojú ihò tó fi wáyà sí lára kọ̀ǹpútà. Ó di bọ́tìnnì méjì mú pọ̀, ó ń kà á sínú, títí tí ẹ̀rọ náà fi kú, tó tún jí, tó tún gbé wáyà àti ọfà wá. Níkẹyìn, kọ̀ǹpútà gbé àpótí ọ̀rọ̀ kan síta. Fawziyah kà á, ojú rẹ̀ yí padà.

"Kí ló wí?" Morónkẹ́ béèrè.

"Ó ní òun ò lè ka inú rẹ̀ mọ́, Mọ́mì. Ó ní àfi kí òun dá a padà sí bó ṣe wà lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é."

Ọlátúnjí mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìyẹn dùn mọ́ ọn. Ó fi ọwọ́ ṣàlàyé pé kó dá a padà, kí ló ń dúró dè?

"Bàbá, ẹ gbọ́ mi yé o. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é, ohùn yín ò sí níbẹ̀. Bí mo bá tẹ ibí yìí, á fọ gbogbo inú rẹ̀ bí ẹni fọ àwo. Ohùn yín á bá omi lọ." Ó ti àpótí ọ̀rọ̀ náà pa. "A ò ní tẹ̀ ẹ́. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wá ọ̀nà míì."

Nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ohun kan wà tó ń yí bíríbírí, òun ló ń gbé ọ̀rọ̀ dání. Fawziyah gbé e sétí, ó ń gbọ́ kẹ́, kẹ́, kẹ́. Ó ní òun ti gbọ́ pé bí irú rẹ̀ bá gbóná jù, òtútù lè mú kó rántí iṣẹ́ rẹ̀ fúngbà díẹ̀. Ni wọ́n bá fi ọ̀rá wé Ọ̀fun Kejì, wọ́n gbé e lọ sínú fìrísà obìnrin tó ń ta píọ́ wọ́tà lódìkejì títì. Ọlátúnjí dúró ti fìrísà náà bí ọlọ́pàá. Ẹni tó bá wá ra omi, á wò ó láti òkè délẹ̀. Obìnrin olómi ní òun ò tíì rí ẹni tó ń ṣọ́ òtútù rí.

Nígbà tí wọ́n gbé e jáde, ó funfun bí ẹni tó ti Jọ́ọ̀sì bọ̀. Fawziyah so sípíkà kékeré mọ́ ọn, ó tẹ bọ́tìnnì. Wáyà àti ọfà lọ. Ojú ẹ̀rọ mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, ohùn náà jáde.

"Ẹ̀yin ìyá mi ní Ẹdẹ, ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ọmọ tí eku ti jẹ ìwé yín tí ẹ fi ń sọ fún tíṣà pé ẹ gbàgbé rẹ̀ nílé..."

Gbogbo ojú títì dúró. Ọlọ́kadà kan pa ọ̀kadà rẹ̀. Morónkẹ́ fi ọwọ́ bo ẹnu, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ọlátúnjí ò tilẹ̀ rántí ju ẹnu. Ó kàn dúró gbọnrangandan, ó ń gbọ́ ara rẹ̀. Fawziyah fa fóònù rẹ̀ yọ kíá, ó gbé e síwájú sípíkà kó lè gbà á sílẹ̀.

Ọwọ́ Ọlátúnjí na. Kò rò ó. Ọwọ́ náà ló rò ó fúnra rẹ̀. Ó gbá fóònù náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó mọ́lẹ̀ lórí tábìlì.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n gbà á."

Ó mi orí pé rárá.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbé ọwọ́ kúrò."

"Jẹ́ kó gbà á, Bàbá Mọ́tọ́lá," Morónkẹ́ ní, ó ń fa ọwọ́ rẹ̀. Ẹnu ìyẹn ni wọ́n wà, ìyàwó ń fà, ọkọ ò jọ̀wọ́, nígbà tí ohùn náà dé ibi ẹ̀rín ńlá. Ẹ̀rín náà bẹ̀rẹ̀, ó gòkè, ó ń gòkè, ó sì há sókè níbẹ̀. Kẹ́, kẹ́, kẹ́. Wáyà àti ọfà padà dé.

Ọlátúnjí gbé ọwọ́ kúrò lórí fóònù. Ó gbé fóònù náà fún Fawziyah bí ẹni tó ń dá ẹrù padà fún olówó rẹ̀.

Wọ́n tún gbé e sí fìrísà. Wọ́n gbé e síbẹ̀ títí tí obìnrin olómi fi ní kí wọ́n máa sanwó ilé. Kò jí mọ́.

Fawziyah pe ọkùnrin kan ní Òṣogbo tó máa ń tú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, tó ń yọ ohun tó wà nínú wọn pẹ̀lú irinṣẹ́ tí kò sí ní Ẹdẹ. Ọkùnrin náà ní kí wọ́n gbé e wá lọ́jọ́ Ajé, torí òun ò sí nílé báyìí. Ó ní kí wọ́n má tẹ nǹkan kan. Ní tiwọn, Fawziyah fi ẹ̀rọ náà sára kọ̀ǹpútà, ó ní kí ó máa gbìyànjú láti ka inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ọjọ́ Ajé á fi dé, bóyá á rí ọ̀rọ̀ kan mú.

Ó ní kí Ọlátúnjí máa lọ sílé. Ọlátúnjí ò lọ. Ó mú àpótí kan, ó jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ohùn òun wà níbẹ̀, òun ò lè fi sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ó ń jẹun níbẹ̀, ó ń tòògbé níbẹ̀. Oníbàárà tó bá gbé fóònù wá, á kọ́kọ́ fo ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá.

Ọjọ́ Jímọ̀ dé. Fawziyah gbé ìbòrí wọ̀, ó mú kẹ́tùlù. "Bàbá, mò ń lọ kírun. Ẹ bá mi wo ṣọ́ọ̀bù. Bí kọ̀ǹpútà bá sọ̀rọ̀, ẹ má dá a lóhùn o, ẹ jẹ́ kí n dé."

Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ.

Ọlátúnjí nìkan ló kù. Kọ̀ǹpútà ń mí. Ó ń wo ẹ̀rọ náà, ó sì ń ro ohùn tó jáde lọ́jọ́ fìrísà. Ohùn yẹn ò ṣàárẹ̀. Ohùn yẹn le bí irin. A jẹ́ pé ohùn wà níbẹ̀ dáadáa, ìdọ̀tí kan ló dí i lọ́nà. Kí ni òun sì ti ń tà láti ìgbà tí òun ti gbọ́njú? Àìmọye èèyàn ló ti gbé inú wíwú wá bá òun, tí òun gbé ìgò jẹ̀díjẹ̀dí fún. Oògùn náà á fọ inú wọn fọ́fọ́, wọ́n á sáré lọ, sáré bọ̀, wọ́n á ní àwọn ti kú. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n á wá dúpẹ́. Kò sí ẹnì kan tí ìfun rẹ̀ bá ìdọ̀tí lọ. Fawziyah mọ fóònù, ọmọ dáadáa ni, ṣùgbọ́n kí ló mọ̀ nípa fífọ inú?

Àpótí ọ̀rọ̀ náà gbé ojú sókè fúnra rẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ti ṣe lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ọlátúnjí mọ ibi tí Fawziyah na ìka sí. Ó fi ìka tẹ̀ ẹ́.

Ìlà kan yọ, ó ń kún díẹ̀díẹ̀, bí omi tí ń kún kẹ́ẹ̀gì. Inú rẹ̀ dùn. Oògùn ń ṣiṣẹ́. Ìlà náà kún dé ìdajì, ó kún kọjá ìdajì, ó kù díẹ̀ kó pé. Ó dúró. Kọ̀ǹpútà gbé ọ̀rọ̀ míì wá, pupa, pẹ̀lú nọ́ńbà kan nísàlẹ̀ rẹ̀. Ọlátúnjí tún tẹ̀ ẹ́. Ìlà tún kún, ó tún dúró níbi kan náà. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí Fawziyah dé, ó bá a tó ń tẹ̀ ẹ́, òógùn bò ó bí ẹni tó ń gún iyán fún gbogbo Ẹdẹ.

"Bàbá. Kí lẹ tẹ̀?"

Fawziyah gbé etí sí i lẹ́nu. "Mo fún un lóògùn," Ọlátúnjí ní.

Fawziyah jókòó. Kò yọ ìbòrí. Ó ka ọ̀rọ̀ pupa náà.

"Ó ti fọ̀ ọ́."

"Ṣé ó ti wá mọ́?"

"Ó ti mọ́, Bàbá. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Ìgbà tó sì fọ̀ ọ́ tán, kò rí okun fi dá a padà. Ẹ̀rọ náà ò tilẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń pe òun mọ́."

Àánú ló mú kó tún máa gbìyànjú. Ó pààrọ̀ wáyà, ó yá kọ̀ǹpútà ẹni tó wà nílé kejì, ó pa gbogbo nǹkan, ó tan gbogbo nǹkan. Níbi gbogbo, ìlà náà ń kún dé ibi kan náà, ó ń dúró. Ó pe ọkùnrin Òṣogbo. Wọ́n jọ gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ lórí fóònù: "Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́? Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo?" Fawziyah wo Ọlátúnjí, ó ní, "Wọ́n tẹ̀ ẹ́ gan-an." Ọkùnrin náà ní kí wọ́n má wulẹ̀ jó epo ọkọ̀ wá.

Ọlátúnjí ò sunkún. Ẹkún gan-an fẹ́ ohùn. Ó kàn la ẹnu, afẹ́fẹ́ ń jáde, ó ń jáde, bí ẹni pé wọ́n fi ìṣó gún un níbì kan tí kò ṣeé lẹ̀. Morónkẹ́ ló wá mú un lọ sílé. Ó dì í lọ́wọ́ mú kọjá Ọ̀wọ́dé bí ọmọ ilé ìwé.

Láti ọjọ́ yẹn, kò jáde. Ó jókòó sẹ́yìn ilé, ó kọ ojú sí ògiri. Oúnjẹ ń tutù níwájú rẹ̀. Gbogbo ìgbà ló ń gbìyànjú láti rántí bí ohùn òun ṣe rí. Ó rántí ọ̀rọ̀ náà lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, ó rántí ibi tí èémí ti ń wọlé, ṣùgbọ́n ohùn tó ń kà wọ́n nínú orí rẹ̀, ohùn fíì fíì ni. Èyí ló dẹ́rù bà á jù. Ọ̀nà ọ̀fun ti lọ, Ọ̀fun Kejì ti lọ, ẹ̀kẹta tó wà nínú orí náà sì ń ṣí lọ díẹ̀díẹ̀, kò sí ilẹ̀kùn tí yóò tì í mọ́.

Ìròyìn kò pẹ́ tó fi tàn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Roqeeb fúnra rẹ̀ wọlé. Ó dọ̀bálẹ̀, ó jókòó sórí bíríkì. Ọlátúnjí ń retí ẹ̀fẹ̀. Ní gáréèjì Ọ̀wọ́dé, Roqeeb máa ń sín ohùn rẹ̀ jẹ, tí àwọn awakọ̀ á máa yí nílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́," Roqeeb ní. "Mo rò ó pé bóyá mo lè bá yín sọ ọ́. Èmi náà mọ̀ ọ́n díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú ẹ̀ wò."

Ó dìde, ó fa èémí, ó ké: "Ẹ̀yin ìyá mi ní Ẹdẹ..."

Ó dúró. Ó tún un bẹ̀rẹ̀. Ẹran ọ̀sìn aládùúgbò kan dáhùn láti ẹ̀yìn ọgbà.

"Ó tó, Roqeeb," Morónkẹ́ ní láti ẹnu ọ̀nà. "O ṣeun. Ó jọ ewúrẹ́."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín, Roqeeb gan-an ò rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ló dun Ọlátúnjí jù. Ká ní ó fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni, òun ì bá mọ̀ pé ilé ayé ṣì dúró sí ààyè rẹ̀.

"Mo fẹ́ jẹ́wọ́ nǹkan fún yín," Roqeeb ní, ó ń fi ẹsẹ̀ fa ilẹ̀. "Mo lọ bá Fawziyah lẹ́yìn yín nígbà náà. Mo ní kó ta ohùn yẹn fún mi. Ó ní ẹ ti ní kí òun pa á rẹ́. Mo bínú lọ́jọ́ náà." Ó gbé orí sókè. "Ẹ̀gbọ́n, ká ní ẹ jẹ́ kí n rí i jí ni, ì bá wà lọ́wọ́ mi báyìí. Ǹ bá ti gbé e wá fún yín."

Ọlátúnjí wo ògiri. Morónkẹ́ padà sínú ilé, ó ń fọ àwo tó ti mọ́.

Ebi ò mọ ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Nígbà tí gààrí ku eruku, Morónkẹ́ gbé fóònù rẹ̀, ó wọ yàrá, ó sì ka ìpolówó náà síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ ni, kò yọ ẹyọ kan. Àmọ́ Morónkẹ́ ló máa ń ka ìkéde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ohùn ìkéde nìkan ló sì ní. Ó ka "eku" bí ìgbà tó ń ka orúkọ àwọn tó fẹ́ ṣègbéyàwó. Ó ka àpárá, ó sì dánu dúró díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kí ìjọ lè ṣe àmín. Bí èèyàn bá gbọ́ ọ, á rò pé eku àti oògùn ló ń lọ síwájú pẹpẹ lọ́jọ́ Sátidé, kí ẹni tó bá mọ ìdí tí wọn ò fi gbọdọ̀ fẹ́ ara wọn tètè wí.

"Ó dára?" ó béèrè.

Ọlátúnjí mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó gbé sípíkà sẹ́yìn ọ̀kadà, ó lọ sí Sẹ̀kọ̀nà.

Ní oríta, ó dúró síbi tó máa ń dúró. Ọkọ̀ ń lọ, ọkọ̀ ń bọ̀, tírélà ń fọn bí erin. Ohùn ìyàwó rẹ̀ ń jáde, ó ń fi ìwà pẹ̀lẹ́ bẹ àwọn èèyàn kí wọ́n pa eku. Ẹnu Ọlátúnjí sún lẹ́ẹ̀kan, bó ṣe mọ́ ọn lára. Ọlọ́kadà kan wò ó, ó wo sípíkà, ó sì ta ẹnì kejì rẹ̀ lólobó. Ọlátúnjí pa ẹnu dé.

Obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tó kó gbágùúdá, èkejì rẹ̀ tẹ̀ lé e. Èyí àkọ́kọ́ wá síwájú oògùn.

"Ẹ kú ọjà o, Ẹ̀gbọ́n. Ọkùnrin kan ló máa ń ta irú èyí níbí, aláriwo kan báyìí, inú ọkọ̀ la ti máa ń gbọ́ ọ. Ibo ló wọlé sí?"

Ọlátúnjí la ẹnu. Fíì. Tírélà kan ń kọjá lọ.

"Ẹn? Ẹ ní ó ti kú?" Obìnrin náà kọjú sí èkejì rẹ̀. "Ṣó o rí i? Mo sọ ọ́ nílé. Mo ní ọkùnrin yẹn, bí kò bá kú, kò lè dákẹ́. Áà, ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ó ní eku kan jẹ oògùn òun, òǹgbẹ wá ń gbẹ eku yìí, ó sáré lọ ra omi. Ìgbà tó dé ibi olómi, ajá ló bá níbẹ̀ tó ń ta omi."

Èkejì rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. Kò sí ìdí tí ì bá fi rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ajá ló ń ta omi. Ológbò ni, eku sì ní kó má wulẹ̀ já ọ̀rá omi náà, òun á gbé e lọ. Ọlátúnjí mi orí kíákíá pé rárá, ó ń fi ọwọ́ ṣe ológbò, ó ń fa irùngbọ̀n tí kò ní.

"Ẹ pẹ̀lẹ́," obìnrin náà ní, ojú rẹ̀ rọ̀. "Ẹ má jẹ́ kó dùn yín jù. Ṣé ẹbí yín ni?"

Ọwọ́ Ọlátúnjí dúró lójú afẹ́fẹ́. Lẹ́yìn náà, ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ọlọ́run á tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹ fún mi ní ọ̀rá méjì. Ọ̀kan ni mo fẹ́ rà tẹ́lẹ̀ o, èkejì yìí, torí tirẹ̀ ni."

Ó sanwó, wọ́n padà sínú ọkọ̀ gbágùúdá, ọkọ̀ sì lọ. Sípíkà náà ti ka gbogbo rẹ̀ tán, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè: "A fi àkókò yìí kéde fún gbogbo ẹ̀yin ìyá mi..." Ọlátúnjí mú ọ̀rá kan, ó nà án sókè kí àwọn tó ń kọjá lè rí ohun tó ń tà.